Oògùn mẹ́ta nínú hóró kan: kí ni ìwádìí VERONICA sọ fún wa nípa àrùn ọkàn?

Apoògùn_Ẹ̀gbá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò, nítorí pé ó ti di ohun tí àwọn oníbàárà ń bi mí léèrè lójoojúmọ́ ní ilé oògùn mi ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 2024 ni èsì ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA. VERONICA ni wọ́n pè é, Ọ̀jọ̀gbọ́n Dike Ojji ti Yunifásítì Àbújá ló sì ṣáájú rẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà 300 tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra ni wọ́n kó jọ ní Àbújá. Wọ́n fún àwọn kan ní hóró kan ṣoṣo tí oògùn mẹ́ta wà nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n kékeré, ìyẹn telmisartan, amlodipine àti indapamide. Wọ́n fún àwọn yòókù ní ìtọ́jú gẹ́gẹ́ bí ìlànà ilẹ̀ wa ṣe là á sílẹ̀, èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú amlodipine nìkan kí wọ́n tó máa fi òmíràn kún un. Kèké ni wọ́n ṣẹ́ láti mọ ẹni tí yóò gba èyí àti ẹni tí yóò gba ìyẹn.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́fà, nọ́ńbà òkè ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ (èyí àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà méjì tí ẹ̀rọ ń gbé jáde) tí àwọn aláìsàn ń wọ̀n nílé ti fi 31 wálẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó lo hóró ẹlẹ́mẹ̀ẹ́ta, ó sì fi 26 wálẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Lẹ́yìn oṣù kan péré, 81 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo hóró náà ti wà lábẹ́ 140 lórí 90 nílé ìwòsàn, nígbà tí ti àwọn yòókù jẹ́ 55.

Ohun tí àwọn ènìyàn wá ń sọ káàkiri ni pé oògùn tó ń dènà àrùn ọkàn ti dé. Ṣé ohun tí ìwádìí náà sọ nìyẹn? Lójú tèmi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ n kò fẹ́ fi ojú kékeré wo iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn wa ṣe láàárín ìlú wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ jù mí lọ, ẹ bá mi dá sí i.

Dókítà_Ọkàn

Apoògùn, ẹ kú ìbéèrè. Ìfúnpá ni wọ́n wọ̀n nínú VERONICA. Wọn kò ṣe é láti ka iye ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú, tàbí iye ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀, tàbí iye ẹni tó kú, nítorí pé oṣù mẹ́fà pẹ̀lú 300 ènìyàn kò lè tó fún irú òǹkà bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ yẹn, ẹ gbà á.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí inú mi fi dùn sí i. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá gbọ́ àrùn ọkàn, ohun tó ń wá sí wọn lójú ni ti fíìmù òyìnbó, tí ọkùnrin kan á ṣàdédé di àyà mú, tí á sì ṣubú lulẹ̀, nítorí pé ọ̀rá ti dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún ọkàn rẹ̀. Èyí tó ń kún wọ́ọ̀dù tiwa yàtọ̀ sí i. Àárẹ̀ ọkàn ni, ìyẹn kí ọkàn má lè tu ẹ̀jẹ̀ jáde tó mọ́, tí ẹsẹ̀ á wú, tí èèyàn kò ní lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn nítorí èémí. Nínú ìwádìí THESUS-HF tó jáde ní 2012, wọ́n ka aláìsàn 1,006 tí wọ́n gbé wọlé sí ilé ìwòsàn ní orílẹ̀-èdè 9 ní Áfíríkà nítorí àárẹ̀ ọkàn. Ní ìpíndọ́gba, ọjọ́ orí wọn kò ju nǹkan bí ọdún 52 lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á fún 45 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, èyí tí iṣan dídí fà kò sì ju nǹkan bí 8 lọ. Ní Abẹ́òkúta tiyín gan-an, nínú aláìsàn 452 tí Ogah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé lé lórí ní 2014, ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nídìí àrùn fún bíi 78 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, ẹni tó bá rí ọ̀nà tí ìfúnpá fi lè tètè wálẹ̀ láàárín wa ti fi ọwọ́ kan gbòǹgbò àrùn ọkàn, bí kò tilẹ̀ tíì ka òkú kankan.

A sì ní ẹ̀rí pé kì í ṣe àbá lásán. Ní 2021, wọ́n kó ìwádìí 48 pọ̀ sójú kan nínú ìwé ìròyìn Lancet, èyí tí ènìyàn tó lé ní 344,000 kópa nínú wọn. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí oògùn bá fi 5 fa nọ́ńbà òkè wálẹ̀, ewu àwọn àrùn ńlá ti ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ máa ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá dínkù.

Oníṣirò_Ìbàdàn

Ẹ jẹ́ kí n da iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ sí gàrí yín. Iṣẹ́ tí ìṣirò rán mi nìyẹn.

Dókítà ti ṣe ohun kan tí gbogbo wa máa ń ṣe: wọ́n mú èsì VERONICA, wọ́n fi èsì ti Lancet gbè é lẹ́yìn, wọ́n wá ní kí á máa lọ. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ kejì yẹn, a yá a ni. Kò sí nínú ìwádìí tí a ń jíròrò lé lórí.

Èkejì, kò sí ẹni tí wọ́n bò lójú nínú VERONICA. Aláìsàn mọ ohun tí òun ń gbé mì, dókítà náà sì mọ̀ ọ́n. Ẹni tó mọ̀ pé oògùn tuntun ni wọ́n fún òun lè máa rántí lò ó ju ẹni tí wọ́n fún ní ti àtijọ́ lọ. Mo gbà pé wíwọ̀n tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n nílé dín àbùkù yìí kù, nítorí pé ẹ̀rọ kò mọ ẹni tó ń lo kí ni. Kò pa á rẹ́ o.

Ẹ̀kẹta ló ká mi lára jù. Apoògùn sọ iye àwọn tó wà lábẹ́ 140 lórí 90 ní oṣù kìíní, wọn kò sọ ti oṣù kẹfà. Ní oṣù kẹfà, 82 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà lábẹ́ 140 lórí 90 lápá hóró ẹlẹ́mẹ̀ẹ́ta, 72 sì ni lápá kejì. Ìyàtọ̀ tó jẹ́ 26 ní ìbẹ̀rẹ̀ ti di 10. Bí ẹsẹ̀ méjì bá ń sáré, tí èyí tó wà lẹ́yìn ń sún mọ́ èyí tó wà níwájú, mo ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bóyá ẹsẹ̀ ló dára jù ni, tàbí pé ọ̀kan kàn tètè gbéra ni. Kí ni wọ́n dán wò gan-an? Ṣé oògùn mẹ́ta náà ni, àbí pípa wọ́n pọ̀ sínú hóró kan, àbí yíyára tí wọ́n yára? Gbogbo rẹ̀ ló wọnú ara wọn, ìwádìí náà kò sì lè tú wọn sọ́tọ̀.

Dókítà_Ọkàn

Oníṣirò, ẹ ò jẹ́ kí èèyàn sinmi. Mo fara mọ́ kókó kẹta yín, mo kàn ń kà á ní ìdàkejì ni. Yíyára yẹn gan-an ni oògùn tí ilé ìwòsàn wa kò ní. Aláìsàn á wá pẹ̀lú 160, wọn á fún un ní hóró kan. Ó padà wá lẹ́yìn oṣù méjì pẹ̀lú 150, wọn á ní ó ń gbìyànjú, kí ó máa bá a lọ. Lẹ́yìn náà, owó ọkọ̀ tán, kò sì wá mọ́. Ìtọ́jú tí wọ́n fi VERONICA wé kì í ṣe ti ilé ìwòsàn tí èrò kún fọ́fọ́, ti ìwádìí ni, níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé ìlànà, tí wọ́n sì ń pe aláìsàn padà. Bí ìyàtọ̀ bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ rò ó wò bí yóò ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa.

Ní ti ìwọ̀n kékeré, ọgbọ́n inú rẹ̀ ti pẹ́. Ní 2003, Law àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ pé bí a bá gé ìwọ̀n oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sí méjì, ó ṣì ń ṣe bíi ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún iṣẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ wàhálà tí púpọ̀ nínú wọn ń fà lára, irú bí ẹsẹ̀ wíwú, a máa dínkù ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì_Peckham

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Láti Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń kọ̀wé. Ìlànà tí à ń tẹ̀ lé níbí sọ pé bí ẹni tí kò tíì pé ọdún 55 bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn irú ramipril tàbí losartan ni kí á fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìdílé rẹ̀ bá ti Áfíríkà tàbí Karibíánì wá, tí kò sì ní ìtọ̀ ṣúgà, amlodipine ni, ọjọ́ orí yòówù kí ó jẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó Kent, bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, apá wo lára mi ni ẹ fẹ́ tọ́jú?" N kò ní èsì tó gún régé fún un.

Mo rántí ìwádìí A-HeFT ti Amẹ́ríkà ní 2004. Aláìsàn 1,050 tó pe ara wọn ní adúláwọ̀ ni wọ́n lò, gbogbo wọn ló ní àárẹ̀ ọkàn. Nínú àwọn tí wọ́n fi oògùn méjì tí wọ́n pò pọ̀ kún ìtọ́jú wọn, 6.2 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní hóró òfìfo tí kò ní oògùn nínú, 10.2. Iṣẹ́ gidi ni, ó gba ẹ̀mí là. Ní 2005, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn náà fún adúláwọ̀ nìkan. Àmọ́ wọn kò mú ẹlòmíràn wọnú ìwádìí náà! Báwo ni a ṣe mọ̀ pé kò ní ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún òyìnbó? Ẹ̀rù ń bà mí pé irú nǹkan yìí kan náà la fẹ́ tún ṣe pẹ̀lú VERONICA, tí wọn á máa pè é ní oògùn àwọn ènìyàn dúdú.

Dókítà_Ọkàn

Àbúrò, ẹ̀rù yín tọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ìwádìí CREOLE ti 2019 ṣàlàyé, Ojji kan náà ló ṣáájú rẹ̀. Ènìyàn 728 ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù wà nínú wọn. Ìsọ̀rí mẹ́ta ni wọ́n pín wọn sí, oògùn méjì-méjì ni wọ́n so pọ̀ fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tó ń wọn ìfúnpá tọ̀sán-tòru fún wákàtí 24 yẹ̀ wọ́n wò. Àwọn tí amlodipine wà nínú oògùn wọn, ìfúnpá wọn fi nǹkan bí 3 wálẹ̀ ju ti àwọn tó lo perindopril pẹ̀lú hydrochlorothiazide lọ. Láàárín ìsọ̀rí méjì tí amlodipine wà nínú wọn, kò sí ìyàtọ̀ kankan tó ṣeé fojú rí.

Ohun tí CREOLE dáhùn ni ìbéèrè oníṣègùn: nínú mẹ́ta yìí, èwo ni kí n kọ fún aláìsàn mi ní Ìbàdàn? Kò dáhùn ìbéèrè bóyá ara wa yàtọ̀ sí ti òyìnbó, nítorí kò sí òyìnbó níbẹ̀ tí a ó fi wé. Ìbéèrè méjì yìí ni àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn.

Ọmọ_Ìgbó-Ọrà

Mo ti ń kà láti àárọ̀, mo sì ń retí ẹni tí yóò dárúkọ ìlú mi. Gbogbo ayé mọ Ìgbó-Ọrà sí ìlú ìbejì, kò sí ẹni tó ń sọ pé a ti ran ìmọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́ fún ọdún tó ti pẹ́.

Ní àwọn ọdún 1990, Richard Cooper ti Yunifásítì Loyola ní Ṣìkágò pẹ̀lú àwọn onímọ̀ láti Ìbàdàn àti ibòmíràn wọn ìfúnpá àwọn ènìyàn tí ìran wọn ṣẹ̀ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: ní Nàìjíríà, níbi tí ìlú mi wà lára wọn, ní Kamẹrúùnù, ní Jàmáíkà, Barbados àti St. Lucia, títí dé Maywood lẹ́bàá Ṣìkágò. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà wọ̀n ọ́n. Nígbà tí èsì jáde ní 1997, 16 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26 ní Karibíánì, 33 ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó wà láàárín ọdún 25 sí 34 fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba níbi gbogbo. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ sókè ni ìyàtọ̀ ń yọ. Ìran kan náà ni o. Ohun tó ń yí padà ní ojúlé kan sí èkejì ni ìwọ̀n ara, iyọ̀, àti èròjà potásíọ̀mù tí wọ́n ń rí nínú oúnjẹ bí èso àti ẹ̀fọ́.

Cooper tún padà wá ní 2005, ó kó ti àwọn òyìnbó mọ́ ọn. Láàárín àwọn ìsọ̀rí aláwọ̀ funfun, ó wà láti 27 dé 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín tiwa, láti 14 dé 44. Jámánì ló ga jù nínú gbogbo wọn, Nàìjíríà ló kéré jù. Bí ó bá jẹ́ pé àwọ̀ dúdú ló ń ru ẹ̀jẹ̀ sókè, báwo ni Jámánì ṣe ṣáájú?

Ẹ rántí ìtàn tí wọ́n máa ń sọ pé nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn tó ń kó ẹrú, àwọn tí ara wọn lè fi iyọ̀ pamọ́ ló yè, ìdí nìyí tí ọmọ-ọmọ wọn fi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìtàn náà dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí òpìtàn Philip Curtin yẹ àwọn àkọsílẹ̀ wò ní 1992, kò rí ẹ̀rí tó gbè é lẹ́yìn. Ó ṣì ń jà ràn-ìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí dòní.

Oníṣirò_Ìbàdàn

Ọmọ Ìgbó-Ọrà, ẹ ṣeun gan-an ni. Ohun kan péré ni mo fẹ́ fi kún un: ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n wọ̀n àwọn ènìyàn yẹn. Ìwádìí bẹ́ẹ̀ lè fi hàn pé iyọ̀ àti ìwọ̀n ara ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru rìn, kò lè fi hàn fúnra rẹ̀ pé àwọn ló fà á. Ṣùgbọ́n ó tó láti fọ́ ẹnu ẹni tó ń sọ pé ìran nìkan ni.

Màmá_Ṣadé

Ẹ kú àròjinlẹ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ yín dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n gbogbo nọ́ńbà tí ẹ ń dá yìí, èmi fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe rí i. Ní oṣù tó kọjá, mo gun àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn kan dé òkè kẹta, wọn kò jẹ́ kí n mí, wọ́n we nǹkan mọ́ mi lápá lórí aṣọ, ọmọbìnrin náà sì ń bi mí nípa ọmọ mi tó wà ní Houston bí ẹ̀rọ náà ṣe ń fẹ́. 178! Wọ́n fẹ́ fi oògùn kún oògùn mi. Mo délé, mo jókòó, mo fi ẹ̀rọ tí ọmọ mi rà fún mi wọ̀n ọ́n: 146. Èwo ni òtítọ́ nínú méjèèjì?

Nọ́ọ̀sì_Peckham

Màmá, ẹ kú ilé. Ti ilé yín ni mo fọkàn tán jù, bí ẹ bá jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tí ẹ fẹ̀yìn ti àga, tí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, tí apá wà lórí tábìlì ní ìbámu pẹ̀lú àyà, tí ẹ kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀ àti ní ẹ̀ẹ̀mejì lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé ìwé náà lọ fún dókítà yín. Kí wọ́n tó fi oògùn kún oògùn, òun ló yẹ kí wọ́n wò. Ẹ má fúnra yín dín oògùn kù nítorí 146 yẹn o, kò tíì wálẹ̀ tó.

Oníṣirò_Ìbàdàn

Ìbéèrè Màmá ni ìbéèrè tó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo ìjíròrò yìí, kì í ṣe àwàdà. Ẹ wo SPRINT, ìwádìí ńlá Amẹ́ríkà tó jáde ní 2015. Ènìyàn 9,361 ni. Wọ́n fa ti àwọn kan wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 120, wọ́n fi ti àwọn yòókù sí ìsàlẹ̀ 140. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n? Ẹ̀rọ ló ń dá wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti sinmi, lọ́pọ̀ ibi kò sì sí nọ́ọ̀sì nínú yàrá. 120 ti SPRINT kì í ṣe 120 ti orí àtẹ̀gùn òkè kẹta. Dókítà tó bá ń lé 120 pẹ̀lú irú wíwọ̀n tí wọ́n wọn Màmá á fi oògùn dá òòyì kọ́ ọ.

Ìwé ìròyìn gbé e pé ewu dínkù ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, òótọ́ sì ni. Ẹ gbọ́ ọ báyìí náà: láàárín ọdún mẹ́ta àti díẹ̀, àrùn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń kà mú 5.2 nínú ọgọ́rùn-ún lápá ti ìsàlẹ̀ 120, ó mú 6.8 lápá kejì. Ènìyàn 61 ni yóò gba ìtọ́jú líle náà kí ẹnì kan tó bọ́. Òótọ́ ni èyí náà. Lápá tí wọ́n ti fa ìfúnpá wálẹ̀ jù, dídákú àti ìpalára kíndìnrín pọ̀ sí i. Wọ́n tún dá ìwádìí náà dúró ṣáájú àkókò nítorí pé èsì rẹ̀ dára. Inú mi kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn sí ìyẹn, nítorí pé ìwádìí tí a bá dá dúró níbi tí ó ti dùn jù a máa dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ṣì gbà pé ó ràn wá lọ́wọ́. Mo kàn fẹ́ kí ẹni tó bá ń sọ 25 máa sọ 61 mọ́ ọn.

Ewé_ń_jẹ́

Ẹ ti wá fúnra yín sọ ọ́. Òní wọ́n ní 140, ọ̀la wọ́n ní 120. Ìwádìí oúnjẹ tí wọ́n ṣe ní Sípéènì ńkọ́, tí wọ́n fi ń polówó òróró ólífì káàkiri ayé fún ọdún márùn-ún, tí wọ́n wá padà fà á yọ? Ọ̀kan lára àwọn ìwé ìròyìn ìṣègùn tó tóbi jù lágbàáyé ló gbé e. Àwọn bàbá wa kò fa àgbo kankan yọ rí.

Oníṣirò_Ìbàdàn

Àbúrò, ìwádìí PREDIMED lẹ ń sọ, ẹ jẹ́ kí á pa ìtàn rẹ̀ tán. Ènìyàn 7,447 ni, wọ́n sì gbé e jáde ní 2013. Ní 2017, oníṣègùn kan ní Ìlú Ọba, John Carlisle, tó máa ń fi ìṣirò wádìí ìwádìí, tọ́ka sí i pé nọ́ńbà inú rẹ̀ kò rí bí ó ṣe yẹ kí nǹkan tí a ṣẹ́ kèké fún rí. Wọ́n padà lọ wò ó. Wọ́n rí i pé ní ibì kan, odindi ilé ìwòsàn ni wọ́n fi sí ìsọ̀rí kan náà dípò kí wọ́n ṣẹ́ kèké fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí pé àwọn ará abúlé ń ráhùn pé aládùúgbò àwọn ń gba òróró ọ̀fẹ́. Àwọn kan tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà bọ́ sí ìsọ̀rí kan náà láìṣẹ́ kèké. Ta ni kò ní ráhùn? Ní 2018, wọ́n fa ti àkọ́kọ́ yọ, wọ́n sì gbé òmíràn jáde lọ́jọ́ kan náà. Èsì náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní ti àgbo, mi ò bú u. Tiyín gan-an ló yẹ kí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣẹ́ kèké fún. Amlodipine náà kò gba orúkọ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Apoògùn_Ẹ̀gbá

Ẹ ti là mí lóye. Mo ti mọ ohun tí n ó máa sọ fún oníbàárà: pé hóró ẹlẹ́mẹ̀ẹ́ta tètè fa ìfúnpá wálẹ̀ fún àwọn ènìyàn wa ní Àbújá, pé a ní ìdí láti retí pé àrùn ọkàn á dínkù nípasẹ̀ rẹ̀, pé kò tíì sí ẹni tó kà á. Dókítà, ìbéèrè kan kù. Àwọn kan ń mú iyọ̀ onípotásíọ̀mù, ìyẹn iyọ̀ tí wọ́n fi potásíọ̀mù rọ́pò apá kan nínú rẹ̀, wá fún mi láti òkè òkun pé kí n máa tà á, wọ́n ní ìwádìí Ṣáínà ti fi hàn pé ó ń dènà rọpárọsẹ̀. Ṣé èyí náà kì í ṣe ìfúnpá lásán?

Dókítà_Ọkàn

Rárá, èyí ka ènìyàn. SSaSS ni orúkọ rẹ̀, ó jáde ní 2021. Abúlé 600 ní Ṣáínà, ènìyàn 20,995 tí rọpárọsẹ̀ ti mú rí, tàbí tí wọ́n ti pé ọdún 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ìfúnpá wọn kò sì gbọ́ràn. Odindi abúlé ni wọ́n ṣẹ́ kèké fún, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n sì ti pinnu rẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí ti Sípéènì. Wọ́n fún ìdajì àwọn abúlé náà ní iyọ̀ tí iyọ̀ potásíọ̀mù jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, wọ́n fi ìdajì kejì sílẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀ wọn. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùn-ún, nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn lọ́dún kan, rọpárọsẹ̀ mú bíi 29 níhìn-ín, ó mú bíi 34 lọ́hùn-ún, iye àwọn tó kú náà sì dínkù.

Wọ́n yọ àwọn tí kíndìnrín wọn kò dára kúrò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kíndìnrín ló ń tu potásíọ̀mù dànù; bí kò bá lè ṣe é, potásíọ̀mù á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè dá ọkàn dúró. Telmisartan, losartan àti lisinopril náà máa ń dá potásíọ̀mù dúró nínú ara. Nítorí náà, Apoògùn, ẹ má tà á fún ẹnikẹ́ni láìbèèrè oògùn tó ń lò.

Màmá_Ṣadé

Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ tó wà lára páálí oògùn mi ni telmisartan 40. Irú iyọ̀ yẹn ni ọmọ mi fi ránṣẹ́ láti Houston. Òun ni mo fi se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ lánàá.

Dókítà_Ọkàn

Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, ọbẹ̀ ọjọ́ kan kì í sábà fa wàhálà. Ẹ gbé iyọ̀ náà tì ná, ẹ má dá oògùn dúró, kí ẹ sì lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún kíndìnrín àti potásíọ̀mù ní ọ̀la tàbí ọ̀túnla. Bí àyà yín bá ń já sódì, tàbí tí ara yín bá ṣàdédé rọ, ẹ má dúró de ọ̀la. Bí èsì bá jáde, ẹ wá sọ nọ́ńbà rẹ̀ fún wa níbí.

Màmá_Ṣadé

Mo ti gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣadé ni yóò gbé mi lọ láàárọ̀ ọ̀la, ilé àyẹ̀wò tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ni mo sì yàn, tí kò ní àtẹ̀gùn.